Ọ̀rá Ò Gbọdọ̀ Wọ Ọ́fíìsì Wa

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní Yábàá níbí. Ọ̀gá wa ní àwọn fẹ́ dáàbò bo àyíká, ni wọ́n bá fòfin de ọ̀rá, kálukú sì mú ife tirẹ̀ wá látilé. Wọ́n yọ fáànù, wọ́n ní ká máa ṣọ́ iná lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé àga Beulah lọ, ẹni tá a jọ ń lo tábìlì kan. Òun náà ò wá mọ́. Ara fu mí. Kí ni àga ń bà jẹ́ láyìíká?

Lánàá, ọ̀gá fúnra wọn kó ife mi àti sálúbàtà mi lé mi lọ́wọ́, nínú ọ̀rá dúdú.

Ẹ má dààmú o. Ẹ bá mi kí Bàámi, kẹ́ ẹ sì gbá yàrá mi dè mí.

Òkìkíọlá yín