Aṣọ́lé Tó Ń Fẹ́ Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń pè sórí ètò bọ́ọ̀lù yín lórí rédíò pé aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kì í tètè fò sápá òsì.

Aṣọ́lé yẹn ló wá ń fẹ́ ọmọ mi báyìí. Ìyàwó mi ní kí n má pè yín mọ́ kí ọmọkùnrin náà má baà dá ohùn mi mọ̀, mo sì ṣíwọ́ pípè.

Lánàá, èmi àti ọmọkùnrin náà jọ ń gbọ́ ètò yín ní pálọ̀ mi, ló bá mí kanlẹ̀, ó ní: “Dádì, ọkùnrin tó máa ń bú mi yẹn ò pè mọ́. Òun nìkan ló ń sọ òótọ́ fún mi.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n pè ni, àbí kí n máa ṣe bí àna lọ? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tí aṣọ́lé náà bá wà lórí pápá ni kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí. Apá òsì yẹn ò tíì dáa o.