Ọ̀rọ̀ Tí O Sọ Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́,

Mo kí ọ. Mo kí ọwọ́ rẹ tó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn láti àárọ̀, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń dúró nínú omi ọṣẹ, mo sì kí onílé rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ fún mi pé ó máa ń pa iná kí ẹ tó jẹun tán. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ibi bá ọ nílé, kó má bá ọ lọ́nà, kó má tilẹ̀ mọ àdírẹ́sì rẹ rárá. Bí o bá ń bèèrè mi, ara le díẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí, irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé ó dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọn eruku igi kúrò lára aṣọ mi kí ìyá rẹ má baà pariwo mọ́ mi, màá gbọn ọ́n tán, màá wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa pariwo. Adìẹ funfun yẹn ti sọ àpótí irinṣẹ́ mi di ilé, ó ń yé síbẹ̀, mo ní láti bẹ̀ ẹ́ kí n tó mú òòlù. Iṣẹ́ kò sí. Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ilẹ̀kùn, àwọn tí àga wọn kán sì ti ń jókòó sílẹ̀. Pósí nìkan ni àwọn èèyàn ṣì ń rà, nítorí pé ìyẹn kò ṣeé sún síwájú.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn fún ọ kí n tó dé orí èyí tí kò dùn. Báńkì rántí ọjọ́ ìbí mi. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi ní àárọ̀ kùtù, wọ́n pe orúkọ mi ní kíkún, wọ́n ní àwọn ń bá mi yọ̀, wọ́n ní èèyàn pàtàkì ni mo jẹ́ sí àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jáde nínú ikùn kan kò rántí. Mo ní kí n má ya aláìmoore, mo mú àpótí ìjókòó tí mo fi igi tó ṣẹ́ kù kàn, mo dé fìlà, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bi mí pé kí ni mo bá wá, mo ní mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ni, mo sì ṣàlàyé. Ó wò mí, ó wo àpótí, ó ní, bàbá, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ o, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó kọ ọ́. Mo ní ṣé ẹ̀rọ náà wá mọ̀ mí ni. Ó ní kò mọ ẹnì kankan, bó ṣe ń kí alààyè náà ló ń kí òkú. Mo fi àpótí náà sílẹ̀ fún un, nítorí mo rí i pé ìnàró ló wà láti àárọ̀. Mo rò ó títí mo fi délé. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi, ó dùn gan-an, mi ò sì wá mọ ẹni tó mú un dùn.

Nísinsìnyí, fóònù ọ̀hún gan-an.

Nígbà tí o fún mi ní fóònù yẹn, o fi ibì kan tó rí bí orí ọfà hàn mí, o ní bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bí o ṣe wí. Lẹ́yìn ìdánwò rẹ mo tẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, o sì sọ̀rọ̀. O ní, Bàámi, mo tún ti féèlì ìdánwò nọ́ọ̀sì yẹn, ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí, orí mi ò gba ìwé, irú mi kọ́ ni wọ́n ń wá, mò ń kó ẹrù mi bọ̀ wálé. O mí kanlẹ̀. Ẹnì kan pè ọ́ láti ẹ̀yìn pé kí o wá, aṣọ ti gbẹ, o sì dákẹ́.

Mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, má sunkún. Mo rán ọ létí ewúrẹ́ ilé kejì tí o fi aṣọ orí ìyá rẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán nígbà tí o wà ní kékeré, tí gbogbo àdúgbò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ náà sì rìn. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ mí. O kò fèsì. Mo ní ìtìjú ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún sọ ohun kan náà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mo ní irú ọmọ wo lèyí, mo bá a sọ̀rọ̀ lánàá bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó yà mí lẹ́nu pé ojoojúmọ́ ni aṣọ máa ń gbẹ ní àsìkò kan náà gẹ́lẹ́, mo ní àwọn ará ìlú ńlá mà létò o. Mo fi ọ̀rọ̀ rere bá ọ sọ ọ́, o kò gbọ́. Mo bínú, mo ní ṣé igi ni mo fi gbẹ́ etí rẹ ni. Nígbà tí ó sú mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó jókòó, ó tún agbádá ṣe, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fóònù sọ nípa ojúṣe ọmọ sí òbí, ó sọ̀rọ̀ débi pé ojú fóònù ṣókùnkùn. Ó bínú dìde. Ó ní ọmọ mi kò lẹ́kọ̀ọ́, ó ń sùn nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa bọ́ síta, ó ní bí o bá ti ń tẹnu mọ́ ọn tó báyìí, á jẹ́ pé o mọ ara rẹ, kí n fi ọ́ sílẹ̀.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ohun tí èèyàn bá gbọ́ lójoojúmọ́, tó bá yá kò ní dà bí ọ̀rọ̀ mọ́, á dà bí ògiri.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ, tí o ní o máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o máa padà wá ṣí yàrá kan síbí kí wọ́n má baà tún gbé aboyún tàbí aláìsàn kankan sórí alùpùpù gba ojú ọ̀nà burúkú yẹn bí a ṣe gbé ìyá rẹ, mo gbé pákó tó dára jù lọ tí mo ní sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì tí àwọn aláìsàn rẹ máa dùbúlẹ̀ lé. Mo fá ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo wọn gíga rẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ọ́. Ẹsẹ̀ tábìlì méjì ló kù. Lẹ́yìn náà ni bàbá tó ń rán bàtà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n ní igi tó dáa ni àwọn fẹ́, igi tó dáa kò sì sí níbikíbi lákòókò yìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo tẹ fóònù, mo bẹ̀ ọ́, mo ní kí o ṣáà sọ ohun mìíràn lónìí. O ní orí rẹ ò gba ìwé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú tábìlì náà. Mi ò kan pósí tó dára tó yẹn rí láyé mi, gbogbo ẹni tó wà níbi ìsìnkú ló ń yìn ín. Wọ́n sin bàbá oníbàtà sínú tábìlì rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo mú fóònù lọ bá Ìyá Oníṣáàjì, obìnrin tó ń fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gba iná sí fóònù fún gbogbo ìlú. Mo ní kó bá mi wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe kí ọmọ mi lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ọ, ó ní kí ló ṣe é. Mo ní ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú, ó ní yéè, Bàbá Káfíńtà, ẹ máa pa mí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi. Ó fà mí jókòó. Ó ní, ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ yín sọ ọ́, fóònù gbé e pamọ́ bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò ni, ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Mo ní ìdáhùn mi wá ńkọ́. Ó wá inú fóònù títí. Ó ní ibòmíràn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fèsì, kò sí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ mi lọ, kò sí ẹyọ kan. Mo ní ibo ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wá lọ. Ó rọra ní, inú yàrá yín náà ni, sà.

Ó bá mi pè ọ́, kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, tí màá fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la, tí mo sì ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó má fi fún onílé.

Ọmọ mi, o sọ ọ̀rọ̀ tó le jù lọ láyé rẹ fún bàbá rẹ, bàbá rẹ sì dákẹ́. Bó ṣe rí lójú tìrẹ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí o fi ìdákẹ́ yẹn ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé o ti kà á sí pé mo gbà.

Mo ti ń ro nǹkan kan láti ìgbà náà. Níbi ìsìnkú ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé tèmi ti tán, iṣẹ́ ti kú, aya ti kú, kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kejì tí mo ti ọ̀dọ̀ Ìyá Oníṣáàjì dé. Kò tilẹ̀ rántí pé òun sọ ọ́. Ó ní ebi ló ń pa òun lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi sì ti ń jí gbọ́ ọ ní gbogbo àárọ̀ láti ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó tún mú mi ronú nípa àdúrà, bóyá ibi tó yẹ ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àbí inú yàrá náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ṣì ń gbà á.

Ìyá Oníṣáàjì ní ọmọ àbúrò òun ń múra ìdánwò yín kan náà, pé orúkọ ṣì ṣeé fi sílẹ̀ títí di òpin oṣù yìí. Mo bẹ̀ ọ́, lọ fi orúkọ sílẹ̀. Mi ò ní sọ fún ọ pé dandan ni kí o yege. Mo ti ka ìwé tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́, kò sì mọ ìdánwò náà. O lè tún féèlì. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lọ́jọ́ tó rẹ̀ ọ́, tí ọwọ́ rẹ kún fún ọṣẹ, tí wọ́n ń pè ọ́ sídìí aṣọ, kò tó ohun tí èèyàn ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ̀ lé. Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti kó ẹrù rẹ, tí o ti wà lójú ọ̀nà, máa bọ̀, ilẹ̀kùn ò tì. Kí o sùn, kí o jẹun, kí o wá padà lọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tábìlì mìíràn. Igi rẹ̀ kò dáa, ó ní kókó, ilẹ̀kùn àtijọ́ ni mo tú, ó sì ń mì díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi fún ìṣó àti sáńpépà. Bí kò bá dẹ̀, owó ìdánwò ni kí o san ná, màá fi àfọ́kù ìgò fá a. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Kò ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, kódà kí o ní òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún, kódà kí o bú mi. Ìyá Oníṣáàjì ti fi ibi tí màá tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn mí, ó fi ẹfun sàmì síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ níbi tí ohùn mi kò dé. Kó jẹ́ kí o rí ẹni bá ọ gbé agbọ̀n aṣọ tútù. Kí ìwé tí o bá ṣí yé ọ, bí kò bá sì yé ọ lónìí, kó yé ọ lọ́la.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan.