Ọ̀rọ̀ tí Ẹ Máa Ń Sọ Kí Omi Tó Kan Ahọ́n Ọmọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ káàárọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ máa ń mọ́ níbi tí ẹ wà. Ìyàwó mi ti bímọ. Ọkùnrin ni. Babátúndé ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé, ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Ẹ̀rù ìsọmọlórúkọ ló kọ́kọ́ bà mí, nítorí èmi ni àgbà ilé báyìí. Gbogbo ọmọ agbo ilé wa, ẹ̀yin lẹ máa ń fi omi kàn láhọ́n, ẹ ó sì kọ́kọ́ sọ nǹkan kan sí wọn létí. Kí lẹ máa ń sọ? Mo bi yín nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ fọwọ́ pa mí lórí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, àwọn náà kò mọ̀. Pásítọ̀ wa ní òun lè bá mi ṣe é bí àyà mi bá ń já. Mo dúpẹ́, mo ní rárá.

N kò lè wá sí ìsìnkú yín, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà. Fóònù ni mo fi wo bí wọ́n ṣe gbé yín wọlẹ̀. N kò sunkún. Ó ń dùn mí títí dòní.

Epo rọ̀bì náà ni mo ṣì ń bá ṣeré bíi tiyín. Ẹ̀yin ṣiṣẹ́ lórí kànga epo nínú òkun Ìlàjẹ, èmi wà nínú láàbù tútù kan tí a ti ń yẹ epo wò ní Carrollton, lẹ́bàá Dallas. Ohun dúdú wúwo kan wà nínú epo, asifatíìnì là ń pè é. Bí epo bá ń gòkè bọ̀ láti inú ilẹ̀, ohun dúdú yìí á yà kúrò lára rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ páìpù títí ọ̀nà á fi dí. Tẹ́lẹ̀, a máa ń yọ gbogbo omi kúrò kí a tó yẹ epo wò, kí iṣẹ́ lè mọ́. Bẹ́ẹ̀ kànga wo ni kò lómi? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kànga tó bá ti darúgbó, omi ló ń tú jáde jù. Iṣẹ́ mi báyìí ni láti dá omi náà padà díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa wò ó.

Mo máa ń gbàgbé ara mi nídìí ife gíláàsì tí mo ń po omi àti epo pọ̀ sí. Dípò kí ohun dúdú náà lọ bá páìpù, ẹ̀kán omi ló máa ń lọ rọ̀ mọ́, á bò ó bí aṣọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo o. Bí iyọ̀ inú omi bá yàtọ̀, ìwà rẹ̀ á yàtọ̀. Nígbà mìíràn omi àti epo á di ara wọn mú, wọn kò ní gbà láti pínyà mọ́.

Epo, omi, iyọ̀. Mo délé lọ́jọ́ kan bá ìyàwó mi tó ń tò wọ́n sórí tábìlì fún ìsọmọlórúkọ, oyin nìkan ló kù. Mo sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì rí yín. Ẹ dúró nínú omi dé orúnkún, omi Ìlàjẹ tó dúdú bíi tíì, ẹ ká ṣòkòtò sókè. Ẹnu yín ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo jí, etí mi ọ̀tún tutù. Àbí ẹ ń sọ ọ́ fún mi ni?

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ọmọ náà níwájú gbogbo ilé. Mo tẹ orí ba sí etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ padà dé lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún yín tí ẹ kò mọ̀? Mo kàn ń mí sí i létí. Omijé dé kí ọ̀rọ̀ tó dé, Bàbá. Ó kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ kí omi inú ife tó kan ahọ́n rẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, Tèmi, ọmọ mi obìnrin, fa ṣòkòtò mi.

“Daddy, what did you tell him?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ pa á lórí. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó yé mi ìdí tí ẹ kò fi dá mi lóhùn rí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bá epo àti omi ṣeré.