Àgúnmu Tí Ìyá Ọkọ Mi Fún Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kì í sú wa nílé. Ìyàwó tuntun ni mí, inú mi sì ń dùn débi pé orin ni mo fi ń fọ abọ́. Ẹ má dárúkọ mi o.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi bí ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n gbé ìgò àgúnmu kan fún mi, wọ́n gbé òmíràn fún ọkọ mi, wọ́n ní yóò fún wa lágbára. Orúkọ kan náà ló wà lára ìgò méjèèjì, ṣùgbọ́n tèmi pupa, ti ọkọ mi dúdú. Wọn ò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, wọn ò kọ ìgbà tí yóò bàjẹ́. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó ń wo ibà, ẹ̀yìn dídùn àti ìbànújẹ́. Ìbànújẹ́ kẹ̀! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó?

Mi ò fẹ́ ṣẹ̀ wọ́n, ni mo bá ń da tèmi sídìí òdòdó ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ àná, mo bá ọkọ mi níbẹ̀, ó lóṣòó, ó ń da tiẹ̀! Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni ìyá ká wa mọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọkọ mi wí.

"Bínú kẹ̀? Èmi náà ò tíì fẹnu kan tèmi. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo bó ṣe máa ṣe yín!"

A ti fẹ́ dá èyí tó kù padà báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ Màámi ló tà á fún wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo la ṣe máa bi ọ̀rẹ́ wọn yìí pé kí ló wà nínú rẹ̀, tí kò ní dìjà? Màámi ní èmi ni màá sọ̀rọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìyàwó tuntun.

Èmi ni,
Ìyàwó Òṣìngín