"Dín" Tó Fi Ọdún Kún Ọjọ́ Orí Òkúta

                                                  Ojúlé 9, Choumert Road,
                                                  Peckham,
                                                  London SE15.
                                                  Ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ní ibùdókọ̀ ni "dín" ti yé mi. Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín tí mo ti ń rojọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kíkí ló ń ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ Àtàláátà. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí n kí yín dáadáa.

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Hamid ńkọ́, ṣé ìrora ẹ̀yìn wọn ti lọ sílẹ̀? Hamid àti Àmínát ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Dádì ní òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ yín ní Ìsẹ́yìn, pé ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. Tiwa níbí kì í ṣe ọyẹ́, òtútù ni. Ògiri yàrá mi ti ń làágùn, council tó ni ilé ní àwọn á wá wò ó, a ṣì ń retí wọn. Ara gbogbo wa le, alihamudulilahi. Lẹ́tà mi tí ẹ fi yíǹkì pupa tún ṣe ti dé. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé àṣìṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Mo ka ìlà pupa náà lẹ́ẹ̀mejì, 27 ni mo rí, mo sì rò pé 33 lẹ pè é, pé ẹ fi mẹ́fà kún un kí ẹ̀rù lè bà mí. Àǹtí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, mo ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbúrárì. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, Mama Christiana ni wọ́n ń pè wọ́n, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọ́n wá ní kí n bá àwọn wo bọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógójì. Inú mi dùn pé ẹnìkan fi Yorùbá rán mi níṣẹ́ ní gbangba. Mo lajú sílẹ̀, mò ń wá 44. Bọ́ọ̀sì 36 dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń gbéra, wọ́n bi mí pé èwo nìyẹn.

"36 ni, Mummy. Tiyín kò tíì dé."

Wọ́n fi ojú kan tó là wò mí. "Ọmọ yìí, èmi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, àbí ìwọ? Ogójì, mú mẹ́rin kúrò, kí ló kù? Dín, ọmọ mi. Bí mo bá ní kí o dín iyọ̀ ọbẹ̀ mi kù, ṣé wàá tún bù sí i ni?"

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ní ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi, torí mo rántí ohun tí mo kọ sínú ìwé lórí òkè.

Ẹ ti bi mí rí pé kí ni mò ń wá lọ sórí òkè ní Scotland. Láyé àtijọ́, yìnyín ńlá bo ibẹ̀, ó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí odò tí kò kánjú. Nígbà tí ayé ń móoru, tí yìnyín náà ń fà sẹ́yìn, ó ń tú òkúta tó gbé sílẹ̀ ní ìlà gígùn, bí ìgbà tí àgbẹ̀ kọ ebè. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tó lọ gan-an. Láti ọjọ́ tí òkúta bá ti kúrò lábẹ́ yìnyín ni ìtànṣán láti ojú ọ̀run ti ń bà á lórí, tó sì ń fi àmì kékeré sílẹ̀ nínú rẹ̀. A óò gé díẹ̀ lára orí òkúta náà, láàbù, ilé àyẹ̀wò, á ka àmì. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni ọjọ́ rẹ̀ níta ṣe pọ̀ tó. N kò mọ bí n óò ṣe pe iṣẹ́ yìí títí ẹ fi kọ́ mi ní "ọjọ́ orí". Iye ọjọ́ tí orí ti wà lábẹ́ ọ̀run, mo rò ó títí, mo ní àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ wa kí àwa tó dé.

Ṣùgbọ́n bí òkè gíga bá yí òkúta ká, òkè náà á dí lára ìtànṣán. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ wọn gíga òkè yíká òkúta kọ̀ọ̀kan, ní dígírì láti ibi tí òkúta náà wà. Bí a bá kọ gíga náà ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣirò á ní ìtànṣán kò rọ́nà dé ibẹ̀ dáadáa, pé ọdún púpọ̀ ni òkúta náà fi kó àmì rẹ̀ jọ. Yóò wá sọ ọ́ di arúgbó.

Waris ló ń wọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń kọ ọ́. Waris ni ọmọ Ìlọrin tí mo sọ fún yín, tí a jọ wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà ní yunifásítì. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí òkè ló máa fọ abọ́. Ó kìlọ̀ fún mi o. Ó ní, "Yusrah, jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá rẹ ṣì tutù ju yìnyín lọ." Mo ní rárá. Bó bá pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo kọ 34. Bó bá pe márùndínlógójì, mo kọ 45. Mo rò pé "dín" àti "lé" kò yàtọ̀, pé èyí tó bá wu èèyàn ló ń lò.

Láàbù gbé èsì jáde ní oṣù Kẹsàn-án: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ọdún. Inú ọ̀gá wa dùn gan-an pé a rí ohun tuntun, torí àwọn ọ̀mọ̀wé yòókù gbà pé yìnyín ṣì wà ní àfonífojì yẹn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní ni ọ̀gá máa dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé náà láti sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ̀wé pé òun ò gbà, kí wọ́n yẹ wíwọ̀n náà wò. Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Mo ní bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́. Waris ní, "Èmi ni mo di ohun ìwọ̀n mú. Bí àṣìṣe bá wà, ojú mi ni." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ní ẹlòmíràn ni àwọn á mú lọ sókè dípò Waris lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwádìí Waris kò tíì parí, orí òkè yẹn ló kù sí. Kò ráhùn, àmọ́ kì í bá mi ṣàwàdà mọ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Àtàláátà, mo ṣí ìwé náà. Àǹtí, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé òpin, kò sí gíga òkè kan tó parí sí 6, 7, 8 tàbí 9. Mo fi máàpù orí kọ̀ǹpútà tún ìṣirò náà ṣe, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ààbọ̀. Òótọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ń sọ. Yìnyín náà ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo lé e lọ.

Mo sọ fún Mummy mi nílé. Wọ́n ní kí n kàn sọ pé mo fi máàpù yẹ̀ ẹ́ wò, kí n má dárúkọ Yorùbá rárá. Wọ́n ní, "Àwọn ará yunifásítì á ní iṣẹ́ àwọn lẹ fi ń kọ́ èdè. Ojú tí wọ́n fi ń wò wá tẹ́lẹ̀ ò tó ọ ni?" Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà á tọ́, ojú Waris ni wọ́n á sì máa dá lẹ́bi lọ. N kò lè ṣe é.

Mo ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, torí ọjọ́ Àlàmísì ni mo máa rí ọ̀gá. Ẹ bá mi kí Bàbá Hamid àti àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi kí Alhaja tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ má sọ ìdí tí mo fi ń kí wọn.

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá Waris láti tọrọ àforíjì, mo mọ̀ ọ́n, á ní kí n dákẹ́, pé òun ti ru ẹrù náà ná. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá, ẹnu ẹlòmíràn ni Waris á ti gbọ́ pé kò jẹ̀bi, oṣù méjì lẹ́yìn tó ti ń rò pé òun jẹ̀bi. Àǹtí mi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?

                                                  Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
                                                  Yusrah.