Gọ́ọ̀mù Etí Ọpọ́n Ìwẹ̀

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Adíhò, tí mo ti ń fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí omi ń gbà jò nínú ilé onílé fún ogójì ọdún, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, ara mi le, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ọmọbìnrin mi àgbà, nọ́ọ̀sì, ni kó mú un ṣẹ.

1. Àbúrò mi, akunlé, ni mo fún ní gbogbo gọ́ọ̀mù funfun tó ń gba ọ̀dà. Sílíkóònù, gọ́ọ̀mù tó ń fà bí rọ́bà, kì í gba ọ̀dà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi í dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí mo sì ń wo àbúrò mi bó ṣe ń kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọ̀dà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọdún méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Àbúrò, má bínú. Ṣùgbọ́n ó pani lẹ́rìn-ín o!

2. Ìbọn tí mo fi ń fún gọ́ọ̀mù jáde, àti ajá mi tó ń jẹ ìdérí gọ́ọ̀mù, ti nọ́ọ̀sì ni. Kó máa ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kó nu ojú ibẹ̀ gbẹ, kó tó fi tuntun sí i.

3. Ilé yìí, látòkè délẹ̀, ti ìyàwó mi ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fi sílíkóònù sí etí ọpọ́n ìwẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló là. Mo ní ìdí ìyàwó mi ló wúwo jù. Ẹnu mi yìí! Ó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti ń fi garawa wẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Àárò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ní Ọjọ́rú, mo ka ẹ̀yìn páálí gọ́ọ̀mù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ rọ omi kún ọpọ́n, kó rì dé ibi tó máa rì dé, ká tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ká sì fi omi náà sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Ọpọ́n òfìfo ni mo ń dí látijọ́; bí omi bá ti wọ̀ ọ́, yóò rì, gọ́ọ̀mù yóò sì là! Èmi, ọ̀gá adíhò! Mo sáré lọ bẹ ìyàwó mi. Ó ní òun ò ní gbọ́, àfi bí èmi fúnra mi bá jókòó sínú omi náà, kí òun sì fi ọwọ́ ara òun fa ìbọn.

Inú ọpọ́n ni mo ti ń kọ ìwé yìí, omi dé mi láyà. Ìyàwó mi ti fa gọ́ọ̀mù yí etí rẹ̀ ká, ó gún régé ju tèmi lọ.

4. Bí mo bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má gbé mi. Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ.

Mo fọwọ́ sí i lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.
Bàbá Adíhò (ìwé rin díẹ̀)

Àwọn ẹlẹ́rìí: Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, àti ayálégbé wa, Tíṣà tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n rí mi láti ọrùn sókè.

Ìyàwó mi kò fọwọ́ sí i, nítorí ẹni tó jogún kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó kàn ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́la, òun ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀ nínú rẹ̀.