CS Ni Wọ́n Ní Ti Ìyàwó Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ìbéèrè kejì yẹn ló mú mi kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé, àfi bàbá rẹ tí ọgbọ́n rẹ̀ ń jò bí òrùlé ilé ìdáná wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o jogún rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ tí o rán wọ fóònù mi lánàá, pé CS ni wọ́n ní ti ìyàwó rẹ ní ọsibítù, ká bá yín gbàdúrà, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé kì í sì í ṣe ohun tá à ń fi han ará ìta, ni mo bá fi àtàǹpàkò bo ìyókù, mo fi CS nìkan hàn wọ́n. Tíṣà ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni. Ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ni. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì sọ pé iṣẹ́ ọba ni. Tiẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, ni mo bá mú un. Mo ní ọsibítù ti gba ìyàwó rẹ síṣẹ́ ọba. Mo kó gbogbo ilé jọ, a gbàdúrà títí ohùn wa fi há, pé kí wọ́n má dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé.

Láàárọ̀ yìí ni mo lọ fọ́nnu fún nọ́ọ̀sì àdúgbò wa. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbé ìka yín kúrò ńbẹ̀ ná.” Ó kà á tán, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, pé inú ìyá ni wọ́n máa là kí wọ́n tó gbọ́mọ jáde. Àṣé ìgbà tí wọ́n ń mú abẹ, owó ìfẹ̀yìntì lèmi àgbàyà ń tọrọ. Ìyá rẹ ò tiẹ̀ bú mi. Ó ní ẹni tó bá gba owó ìfẹ̀yìntì ṣáà ti pẹ́ láyé, ó wá wọlé lọ sunkún.

Mo ti pè ọ́ títí. Obìnrin kan ló ń gbé e, mo kí i dáadáa, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wo ìyàwó rẹ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì yín ni, kò lọ́yàyà.

Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá máa dúró gba èsì. Fi owó ọkọ̀ ìyá rẹ rán an, ó ti di ẹrù. Bó bá ku díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, fi tèmi náà kún un, mi ò ní béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọlọ́run á bá wa dá ìyá sí, á dá ọmọ sí, ojú ò ní tì wá. Ṣùgbọ́n má gé ọ̀rọ̀ kúrú fún mi mọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ gbọọrọ pé ìyàwó rẹ wà láàyè.

Bàbá rẹ